Alákàsà Kò Fẹ́ràn Ẹrẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní ìlú Oǹdó, tí ilé ní kí a tẹ̀ sínú ìwé ayẹyẹ ọdún kẹwàá.)

 Ẹ̀yin ọmọ Olóyèmẹkùn tí ẹ ti Àkúrẹ́ wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ọmọ Ẹkímọ̀gún tí ẹ gbà wá lálejò, ẹ kú ìnáwó. Iyán yín kò láfiwé, a ti jẹ ẹ́ yó, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oorun gbé wa.

Ìṣẹ́jú 15 ni Akọ̀wé fún mi. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni mí, mo mọ iye tí wọ́n yá mi, màá sì gbìyànjú kí n má jẹ gbèsè.

Ẹ óò rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, Ìgbìmọ̀ Àsè mú àbá wá pé nítorí pé ẹgbẹ́ wa pé ọdún 10, oúnjẹ orí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe. Wọ́n ní ká gbé lobster síbẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, n kò ní purọ́. Wọ́n wá ní kí Alukoro lọ wádìí iye tí wọ́n ń tà á, nítorí pé èmi ni mo mọ èèyàn l'Ékòó. Ìwádìí náà ni mo ṣe, òun ló sì gbé mi dé ibi tí n kò rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Púpọ̀ nínú wa níhìn-ín, ọdún 1976 ni wọ́n bí wa. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì ọdún yẹn ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Ọgbà ni wá pẹ̀lú ìpínlẹ̀ yìí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé a ní òkun, kò sì sí ìjọba tó jẹ tí kò ní fi yangàn pé etíkun tiwa ló gùn jù ní gbogbo Nàìjíríà. Ó dáa. Kí ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí òkun náà nawọ́ sókè. Mo ní òkun Ìlàjẹ o, kì í ṣe ti Èkó. Mo rí ọwọ́ mẹ́rin. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin náà, Ìlàjẹ ló fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí a fẹ́ rà. Ohun tí Òyìnbó ń pè ní lobster, àwọn àgbà kan ń pè é ní alákàsà. Ẹbí edé àti akàn ni. Èyí tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù Amẹ́ríkà, tó ní ọwọ́ ńlá méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, kì í ṣe tiwa. Omi tútù ìhà Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà ni ìyẹn ń gbé. Tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ní ẹ̀mú rárá. Ẹ̀gún ló fi bo ara, ó sì ní irùngbọ̀n méjì tó gùn, tó le bí ọrẹ́, tó fi ń lé ọ̀tá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí òkúta pọ̀ sí létí òkun, òwò gidi ni. Tí ẹ bá wá rí i lórí àwo tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iná ló ṣe é: àwọ̀ pupa náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan mìíràn ló dì í mú, ooru ló tú u sílẹ̀. Bákan náà ni ti edé àti akàn inú ìkòkò wa.

Bó ṣe ń dàgbà ló yà mí lẹ́nu jù. Èèpo rẹ̀ kì í fẹ̀. Tí ara bá ti fún un, yóò bọ́ èèpo náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ agbádá, yóò sì dúró de tuntun kó le. Ní àsìkò yẹn, ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹja èyíkéyìí ló lè gbé e mì. Nítorí náà, ó ní láti rí ihò òkúta sá sí. Ibi tí kò bá ti sí òkúta, kò sí ààbò fún un.

Ìdí nìyí tí ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un pé, níwọ̀n ìgbà tí a ti ní òkun, ó yẹ ká lè rí alákàsà rà ní Igbókọ̀dá. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ pín etíkun Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin. Láti ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ wá kọjá Èkó, iyanrìn àti ọ̀sà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni tiwa, ẹrẹ̀ pọ́ńbélé, Mahin ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹnu odò Ọya, kí iyanrìn tó tún bẹ̀rẹ̀ lọ sí ìhà Kàlàbá. Ẹ ò rí nǹkan! Nínú etíkun tí a fi ń yangàn, ẹrẹ̀ ni ìpín tiwa.

Èkó ní òkúta, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé Ọlọ́run dá a síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń tún ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ṣe, wọ́n fọ́ òkúta ní Aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́òkúta, wọ́n fi reluwé gbé e wá, wọ́n sì dà á sínú òkun láti fi dá ìgbì dúró. Àwọn ògiri òkúta náà wà níbẹ̀ dòní, ẹ̀gbẹ́ wọn ni Tarkwa Bay wà. Òkúta Ẹ̀gbá ń gba ẹ̀dá inú òkun sílé, Oǹdó kò rí alákàsà. Ẹ̀yin ará Ìdànrè tó wà láàárín wa, òkúta yín pọ̀ o, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí omi.

Iye rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ₦30,000 ni ẹyọ kan tó bá tó gbé sójú àlejò. Àlejò orí tábìlì gíga jẹ́ 40. Ìyẹn ₦1,200,000, láìtíì ka yìnyín àti ọkọ̀ tí yóò gbé e láti Èkó dé Àkúrẹ́. Èmi fúnra mi ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ní Victoria Island, níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan. ₦70,000 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Báǹkì ló san án, èmi kọ́. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún rẹ̀ gún mi lọ́wọ́, ẹran ìrù nìkan ló wà níbẹ̀ tí èèyàn lè pè ní ẹran, bọ́tà ni wọ́n sì bu sí i. Jálẹ̀ oúnjẹ náà, ata rodo ni mo ń rò. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń ṣètò oúnjẹ: ẹni tí ètè rẹ̀ bá máa ń wú tó bá jẹ edé tàbí akàn, kó má ṣe fọwọ́ kan alákàsà rárá. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ohun tó ń bá a jà nínú edé lè bá a jà níbẹ̀.

Ta ló ń mú un? Ọkọ̀ apẹja ńlá ń kó díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mòòkùn lọ sábẹ́ òkúta ló ń mú èyí tí òun ń tà wá. Mo bi í bóyá wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ní, “Ta ni yóò kọ́ wọn?” Ní Honduras àti Nicaragua, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ẹ̀yà Miskito ni iṣẹ́ mímòòkùn wá alákàsà ti sọ di arọ. Ẹni tó ń lo àgbá afẹ́fẹ́, tó lọ jìn lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, tó sì yára gòkè, afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ yóò hó bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹsẹ̀ lè kú, èèyàn lè kú.

Ẹ gbọ́ ìtàn Harrison Okene. Alásè ni nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Jascon-4. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìgbì dojú ọkọ̀ náà dé níwájú Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta, kò sì jìnnà púpọ̀ sí ibi tí omi Ìlàjẹ parí sí. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà rì lọ sí nǹkan bíi mítà 30. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí igun yàrá kan, ibẹ̀ ni Okene gbé orí rẹ̀ sí, nínú òkùnkùn biribiri, fún nǹkan bíi wákàtí 60. Àwọn òmòòkùn tí wọ́n rán wá, òkú ni wọ́n wá gbé. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó dì í mú kó fà á, ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú padà. Ẹ lè rí fídíò rẹ̀. Kò ṣeé gbé gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀; wọ́n fi akoto òmòòkùn sí i lórí, wọ́n gbé e lọ sínú yàrá tí wọ́n ti ń dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ara kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn 11 yòókù kú. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni kò yé mi títí dòní: ó padà lọ kọ́ iṣẹ́ mímòòkùn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gá Eré Ìdárayá wa tó ní ká lọ mòòkùn ní Tarkwa Bay lẹ́yìn àsè, mo fi ìtàn yìí ta yín lọ́rẹ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ẹrẹ̀ wa. Ẹrẹ̀ tí alákàsà kò fẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni edé ń gbé. Edé gbígbẹ tí à ń lọ̀ sínú ẹ̀fọ́, tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní crayfish, kì í ṣe crayfish ti Òyìnbó. Edé funfun kékeré ni, ibi tí omi odò bá ti ń bá omi òkun pàdé ló fẹ́ràn. Ìdọ̀tí tí odò ń gbé wá àti ewé igi ẹ̀gbà tó ń jẹrà ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú omi níbẹ̀. Edé ní ibi tó ń jẹ, ẹja ní edé tó ń jẹ, akàn ń gbá èyí tó ṣẹ́kù. Ohun tó sọ wá di aláìní alákàsà náà ló sọ wá di ọlọ́rọ̀ edé. Àwọn ọkùnrin ló sábà ń wọ omi, àwọn obìnrin ló ń yan án lórí èéfín, tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń gbé e wá sí Igbókọ̀dá, níbi tí àwọn oníṣòwò láti Oǹdó, Àkúrẹ́, Èkó àti Ìbàdàn ti ń rà á. Kò sí ìyá kan nínú ilé yìí tí kò ní in nínú ike nílé báyìí.

Ìjìyà wọn kò kéré. Òfin Nàìjíríà sọ pé ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, ìyẹn bíi kìlómítà 9. Bi apẹja ẹyọ kan ní Igbókọ̀dá, yóò sọ iye àwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n ti fà ya lóru láàárín ibẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998, epo rọ̀bì tó tú nínú páìpù Idoho ní ìhà Akwa Ibom, nǹkan bí àgbá 40,000, gbá etíkun lọ títí dé Èkó. Ẹ wo ẹni tó wà láàárín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, kànga epo Ororo bú gbàmù nínú òkun níwájú Awoye, iná rẹ̀ sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa ní òkè ń sọ pé epo ìpínlẹ̀ wa pọ̀. Àwọn ń wo iná náà lóru láti ojú fèrèsé.

Òkun náà sì ń jẹ ilẹ̀. Ayétòrò ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó lórí ẹrẹ̀ yìí. Ohun ìní gbogbo wọn di ọ̀kan. Ẹja tí ẹnikẹ́ni bá pa, ti gbogbo ìlú ni, owó rẹ̀ ń lọ sínú àpò kan. Gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ báǹkì, orí mi máa ń yí tí mo bá rò ó: ìlú odindi, akáǹtì kan ṣoṣo! Ó sì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ń tan àtùpà, wọ́n ní ilé ìṣẹ́ lóríṣiríṣi. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Stanley Barrett kọ odindi ìwé lórí wọn ní 1977. Lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé níbẹ̀ ti lọ sínú òkun. Ẹrẹ̀ kì í dúró de ìgbì bí òkúta.

Mo mọ ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mú mi dìde sọ̀rọ̀ lónìí nìyí.

Ní ọdún 2013, mo wà ní ẹ̀ka báǹkì kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí. Ìyá kan wá bá mi, yóò ti lé ní 50 ọdún nígbà náà. Edé ló ń tà. Ó fẹ́ yá ₦400,000 láti fi ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti àwọ̀n fún ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Ilé onípákó oníyàrá mẹ́fà létí òkun ló fẹ́ fi dúró. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Igbókọ̀dá lọ wò ó. N kò lè wẹ̀; jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi, okùn rẹ̀ ti já. Ilé náà dára, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n fi púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó ṣe mí lálejò, akàn àti edé tútù kún inú rẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí mo jẹ ní Victoria Island tó tó o. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ògiri dé omi. Ìṣísẹ̀ 34.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má yá a. Nígbà tí mo sọ fún un, kò bínú. Ó ní, “Ọmọ mi, ilé kọ́ ni mo fi ń ṣòwò. Edé ni. Òkun lè jẹ ilé, kò jẹ edé mi rí.” Mo dáhùn pé, “Ìyá, ẹ má bínú, òfin ni.” Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n kí ìyàwó mi.

Ní 2016, ilé náà lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó wà nínú iṣẹ́ owó yóò sọ pé mo gba báǹkì là, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú fáìlì ìyá náà tí mo rí, tí n kò kà sí. Ọdún 11 ló ti ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́jọ mìíràn, kò sì sí oṣù kan tí ẹnì kankan nínú wọn pa jẹ. Wọ́n so ìwé rẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú bírò pupa. Kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí lórí fọ́ọ̀mù tiwa, mo sì ṣí i kọjá.

Lẹ́yìn tí ẹ rán mi níṣẹ́ alákàsà, mo lọ sí Igbókọ̀dá, mo wá ìyá náà. Mo rí i. Ó ti kó lọ sí òkè díẹ̀, inú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà. Ó ṣì ń ta edé. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣì ń dá àjọ. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, “Máníjà, o ti sanra.”

Àbá mi nìyí, Alága. ₦1,200,000 tí a fẹ́ fi ra alákàsà 40, kí a pín in sí méjì. Kí a fi ₦300,000 ra edé, akàn àti ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí fún gbogbo àlejò, orí tábìlì gíga àti ìsàlẹ̀, kí a sì gba alásè Ìlàjẹ kan tó mọ marúgbó sè. Ẹni tó bá fẹ́ iyán, kó jẹ iyán. A mọ̀ pé ìlú Oǹdó kò ní gbà bí kò bá sí i. Kí a yá àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ₦900,000 tó kù, ₦100,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìgba èlé, kí oníkálukú máa dá ₦10,000 padà lóṣù fún oṣù 10. Tí ó bá pé, kí a tún un yá. N kò ní kí a fi ilé ẹnikẹ́ni dúró. Èmi yóò máa tọ́jú ìwé rẹ̀, Akápò yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá pa owó kan jẹ nínú ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ìgbà tèmi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ojú yóò ti wá tí àlejò pàtàkì bá dé tí kò rí nǹkan Òyìnbó lórí àwo. Ó ṣeé ṣe. Ìgbìmọ̀ Àsè ti ṣiṣẹ́, n kò fẹ́ kí ó dà bíi pé mo fẹ́ da omi sí iná wọn, mo sì ti bá alága wọn sọ̀rọ̀ kí n tó dìde.

Tí ilé bá gbà, bọ́ọ̀sì yóò gbéra ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, yóò gba Oǹdó kó ẹ̀yin yòókù, kí a gba Òrè àti Òkìtìpupa dé Igbókọ̀dá kí ọjà tó kún. Ẹni tí kò bá lè wẹ̀ bíi tèmi kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi. Alága, mo ń wá ẹni tí yóò kín àbá yìí lẹ́yìn.